Ẹ̀rọ márùn-ún, ihò HDMI kan: irú súwíìṣì wo ni kí a lò, báwo ni a ṣe ń so ó?

Àfẹ́wò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Tẹlifíṣọ̀n 4K kan ló wà nílẹ̀. Ihò HDMI méjì péré ló ní, soundbar, ìyẹn àpótí ohùn, sì ti gba èyí tí wọ́n kọ ARC sí lára, tí ohùn tẹlifíṣọ̀n fi ń jáde sí i. Ihò kan ṣoṣo ló kù, àwọn tó fẹ́ wọ ibẹ̀ sì pọ̀: dẹkódà, ẹ̀rọ gèèmù tó ń gbé 4K jáde, stick tí a fi ń wo fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà alágbèéká lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ tó ń lo wáyà aláwọ̀ mẹ́ta. Irú súwíìṣì wo ló yẹ kí n rà, kí ló sì máa ń bà á jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi, nítorí ohun tí wọ́n ń kọ sára páálí wọn kò yé mi rárá.

Ìyá Oníwáyà

Àfẹ́wò, o káre bí o ṣe béèrè kí o tó náwó. Àpótí mẹ́ta ló jọra lójú, tí iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Súwíìṣì ni èyí tí ihò àbáwọlé rẹ̀ pọ̀, tí ihò àbájáde rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Òun lo ń wá. Splitter ni òdìkejì rẹ̀: ẹ̀rọ kan wọlé, tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́rin á gba àwòrán kan náà. Matrix ń ṣe méjèèjì, ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n ju ọ̀kan lọ ló nílò rẹ̀. Má wo àwòrán tó wà lára páálí. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ihò ni kí o kà. IN márùn-ún, OUT kan. Bí o bá rí IN kan, OUT mẹ́rin, gbé e sílẹ̀. Kò sí bí o ṣe lè dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn tí á fi ṣe iṣẹ́ súwíìṣì.

Ọ̀kan tún wà tó kéré, oníhò mẹ́ta, tó ní bọ́tìnnì kan lórí, tí wọ́n ń kọ bi-directional sí lára. Ìyẹn lè so ẹ̀rọ méjì mọ́ tẹlifíṣọ̀n kan, ó sì lè so ẹ̀rọ kan mọ́ tẹlifíṣọ̀n méjì, àmọ́ ọ̀nà kan ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan. Kì í pín àwòrán sí méjì, kò sì tó fún ọ.

Oníhò márùn-ún ni kí o rà. Ẹni tó ra oníhò mẹ́ta fún ẹ̀rọ márùn-ún á máa yọ wáyà á máa kì í bọ̀ lójoojúmọ́, ẹnu ihò HDMI á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Tí ó bá ti dẹ̀, ìmìtìtì díẹ̀ báyìí, àwòrán á lọ.

Gígábíìtì

Òótọ́ ni Ìyá wa sọ. Iye ihò ni ìdajì ọ̀rọ̀. Ìdajì kejì ni ìwọ̀n dátà tí súwíìṣì náà lè jẹ́ kó kọjá, ibẹ̀ ni ojú ọjà ti ń tan èèyàn jẹ jù. Wọ́n á kọ 4K gàdàgbà síwájú, wọ́n á wá fi òótọ́ sínú lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn páálí.

HDMI 1.4, tó jáde ní 2009, kò kọjá 10.2Gbps (gígábíìtì dátà ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ó ń gbé 4K lóòótọ́, àmọ́ 30Hz ni, ìyẹn àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíìmù á ṣì dára lójú, ṣùgbọ́n gèèmù àti bọ́ọ̀lù á máa já. HDMI 2.0, ti ọdún 2013, dé 18Gbps, ó sì gba 4K ní 60Hz. HDMI 2.1, ti ọdún 2017, dé 48Gbps. Òun ló ń gba 4K ní 120Hz àti 8K ní 60Hz. Ẹ lọ wo ìwé ìlò tẹlifíṣọ̀n yín. Bó bá jẹ́ 60Hz ni òkè rẹ̀, kò sídìí láti náwó lé súwíìṣì 48Gbps. 18Gbps ti tó. Bó bá sì gba 120Hz, tí ẹ̀rọ gèèmù náà ń gbé e jáde, 48Gbps ni kí ẹ rà, àbí kí ẹ gbà pé 60Hz ni ẹ ó máa fi ṣeré.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ 4K@60Hz sí lára, tí ẹ tún rí 10.2Gbps nísàlẹ̀. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n àwọ̀ ni wọ́n gé kúrò kí ó lè wọlé: 4:2:0 ni wọ́n ń pè é. Nínú fíìmù ojú kì í sábà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ bá so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, lẹ́tà pupa lórí búlúù á ṣe bàìbàì, etí rẹ̀ á máa ṣàn. Èyí tó pé ni èyí tó kọ 4K@60Hz, 4:4:4 (ìyẹn àwọ̀ tí wọn kò gé), 18Gbps, HDCP 2.2. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọ̀kankan má ṣaláìsí.

HDCP yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fojú fò. Òun ni kọ́kọ́rọ́ tí àwọn tó ni fíìmù fi ti àwòrán wọn kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á sílẹ̀. Fíìmù 4K orí íntánẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ HDCP 2.2 láti ara stick, gba inú súwíìṣì, dé tẹlifíṣọ̀n. Bí súwíìṣì bá dúró sí HDCP 1.4, stick á já àwòrán náà wá sí 1080p (èyí tó rẹlẹ̀ sí 4K), àbí kó kọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe sójú, àbí kí ojú dúdú tí ohùn sì ń lọ. Ohun tó ń rú èèyàn lójú ni pé ojú ìwé àkọ́kọ́ stick á hàn dáadáa, fíìmù nìkan ni kò ní hàn. Ẹ má lọ pààrọ̀ stick, súwíìṣì ni.

Kò tán síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kì í ṣí gbogbo ìwọ̀n dátà ihò rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́ nínú mẹ́nù. Lórí Samsung, Input Signal Plus ni wọ́n ń pè é. Lórí LG, HDMI Ultra HD Deep Colour. Lórí Sony, HDMI signal format, ẹ ó wá mú Enhanced. Ihò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, nítorí náà ẹ ṣí ti ihò tí súwíìṣì wà gan-an.

Àfẹ́wò

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo rí èyí tí kò ní wáyà iná rárá, mo sì rí èyí tó ní. Èyí tí kò ní iná ló dà bí ẹni pé ó rọrùn jù. Ṣé ó dáa?

Ẹlẹ́kitíríkì Àgbà

Kò sí súwíìṣì HDMI abánáṣiṣẹ́ kan tí kì í jẹ iná. Èyí tí kò ní wáyà iná ń jẹ ti ẹ̀rọ tí o so mọ́ ọn. Orí HDMI ní ẹsẹ̀ 19. Ẹsẹ̀ kejìdínlógún ni ẹ̀rọ fi ń gbé 5V jáde, òfin HDMI sì ni pé ó kéré tán kí ó lè fúnni ní 55mA. Ìwọ̀nba tín-ín-rín nìyẹn. Ó tó fún súwíìṣì oníhò mẹ́ta tí wáyà rẹ̀ kúrú. Fún oníhò márùn-ún tó ń gbé 4K, pẹ̀lú wáyà gígùn lọ sí ara ògiri, kò tó. Àmì rẹ̀ ni pé yóò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ gèèmù, kò ní ṣiṣẹ́ pẹ̀lú stick. Tàbí kí àwòrán wà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Ti alábọ́tìnnì pátápátá, tó ń ta kẹ̀ tí a bá tẹ̀ ẹ́, ni kò jẹ iná. Irin lásán ló fi so ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ nínú. Kò fún àwòrán ní agbára kankan, nítorí náà wáyà iwájú àti wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ di wáyà gígùn kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìsopọ̀ méjì tó lè bàjẹ́ láàárín.

Ra èyí tó ní ẹnu USB kékeré tàbí ihò iná fún 5V. Ṣájà fóònù 5V, 1A ti tó o. O lè rí ẹni tó sọ pé kí o fi sí USB ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n USB 2.0 kò jẹ́ kọjá 500mA, bí o bá sì pa tẹlifíṣọ̀n, súwíìṣì á kú pẹ̀lú rẹ̀, á wá gbàgbé ihò tó wà tẹ́lẹ̀. Ògiri ló dáa jù. Kí o tó ki ohunkóhun bọ ihò iná rẹ̀, ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà: àwọn ńlá kan ń lo 9V tàbí 12V, ẹnu wọn sì jọ ti 5V. 12V sínú èyí tó ń fẹ́ 5V, o ti jó o nìyẹn.

Atúnẹ̀rọṣe

Kí n fi kún ọ̀rọ̀ bàbá. Tí ẹ bá rí *auto switching* lára rẹ̀, ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó yọ̀. 5V tí bàbá sọ yẹn ni súwíìṣì ń ṣọ́. Nígbà tí ihò kan tó ti ń sùn bá ṣàdédé ní 5V, súwíìṣì á sáré lọ síbẹ̀. Nígbà tí 5V ihò tó wà lórí rẹ̀ bá lọ, á wá ihò mìíràn tí iná wà.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ dẹkódà kì í mú 5V kúrò bí ẹ tilẹ̀ fi rìmóòtù pa á. Iná pupa ló ń tàn níwájú, àmọ́ lójú súwíìṣì, ẹ̀rọ ṣì wà láyè. Stick tí ṣájà rẹ̀ kò kúrò lára ògiri kì í sùn rárá. Èyí ló fà á tí súwíìṣì fi máa ń dúró lórí dẹkódà tí ẹ ti pa, tàbí tí á fò lọ sórí stick láàárín gèèmù nítorí pé stick ń gba àtúnṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóru. Súwíìṣì náà kò bàjẹ́. Ẹ ra èyí tí ẹ lè pa auto rẹ̀, púpọ̀ wọn ní bọ́tìnnì rẹ̀ lórí rìmóòtù, tí ẹ ó sì máa fi ọwọ́ yan ihò. Fún ẹ̀rọ márùn-ún, auto máa ń dá ìjà sílẹ̀ ju bó ṣe ń ranni lọ́wọ́.

Ìyá Oníwáyà

Bí ó ṣe yẹ kí o so ó nìyí, Àfẹ́wò. Tẹ̀ lé e bó ṣe wà.

1. Pa gbogbo ẹ̀rọ, kí o sì yọ wọn lára ògiri, kì í ṣe rìmóòtù nìkan. Yọ wáyà díìṣì tàbí àntẹ́nà kúrò lẹ́yìn dẹkódà. Ẹ̀rọ tí orí wáyà iná rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì máa ń ní iná díẹ̀ tó ń jò sára irin rẹ̀. Bí o bá ki HDMI bọ̀ ọ́ nígbà tó wà lórí iná, jíjò yẹn lè gba inú ihò, ó sì lè pa á.
2. So soundbar mọ́ ihò ARC, má fọwọ́ kàn án mọ́.
3. So OUT súwíìṣì mọ́ ihò tẹlifíṣọ̀n tó kù. Wáyà tó dáa jù lọ́wọ́ rẹ ni kí o lò níbí, nítorí gbogbo ẹ̀rọ ló ń gba orí rẹ̀.
4. So ẹ̀rọ mọ́ IN lẹ́yọ lẹ́yọ. Kọ orúkọ ẹ̀rọ sórí bébà, fi lẹ́ wáyà ní ìpẹ̀kun méjèèjì.
5. Fún súwíìṣì ní iná tirẹ̀. Tan tẹlifíṣọ̀n, yan ihò HDMI rẹ̀. Lẹ́yìn náà tan ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kí o sì yan nọ́ńbà rẹ̀ lórí súwíìṣì.
6. Bí ìyẹn bá hàn, tan èkejì. Má tan márààrún lẹ́ẹ̀kan, torí bí ọ̀kan bá ń yọni lẹ́nu o kò ní mọ èyí tó jẹ́.

Nígbà tí o bá yí ihò, ojú á dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá méjì sí márùn-ún. Ẹ̀rọ àti tẹlifíṣọ̀n ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ara wọn ni. Má tẹ bọ́tìnnì léraléra.

Má jẹ́ kí súwíìṣì rọ̀ sórí wáyà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Wáyà HDMI márùn-ún wúwo, ìwúwo yẹn á sì máa fa ihò tẹlifíṣọ̀n sísàlẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi ya lára bọ́ọ̀dù. Fi téèpù olójú méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì.

Aláwọ̀ Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fídíò ni tèmi. Wáyà yẹ́lò ni àwòrán, funfun ni ohùn òsì, pupa ni ohùn ọ̀tún. Kò lè wọ súwíìṣì HDMI ní tààrà, kò sì sí wáyà kan ṣoṣo, orí HDMI níhìn-ín, orí aláwọ̀ mẹ́ta lọ́hùn-ún, tó lè ṣe é. Wọ́n ń tà wọ́n, ẹ má rà wọ́n. Ọ̀kan ń gbé àwòrán bí ìgbì, èkejì ń gbé e bí nọ́ńbà; ohun kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tó ń yí i padà, ohun náà sì ń jẹ iná.

Kọ̀nfátà ló ń ṣe é. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ dáadáa: AV2HDMI ni ẹ fẹ́. HDMI2AV jọ ọ́ bí ìbejì, àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n ó ń gba ìhà kejì lọ, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ló wà fún. AV2HDMI á gba iná 5V láti ara USB, ó sì ní bọ́tìnnì kékeré ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ 720p/1080p sí. Ẹ fi sí 720p bí 1080p bá ń mì. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, àwòrán kò ní dára ju bó ṣe jáde nínú ẹ̀rọ lọ: ìlà 576 ni fún PAL, 480 fún NTSC, ìyẹn ìlànà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ méjì. Kọ̀nfátà olówó pọ́ọ́kú máa ń fẹ àwòrán 4:3 kún gbogbo ojú, àwọn èèyàn á wá sanra. Ẹ lọ sí Picture Size lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ yan 4:3.

Àmọ́ kí ẹ tó ra kọ̀nfátà, ẹ yẹ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wò. Púpọ̀ nínú àwọn tuntun ní ihò kóńkó kan bíi ti etígbọ́ọ́ fóònù tí wọ́n kọ AV IN sí. Bó bá wà, fídíò yín kò nílò súwíìṣì rárá. Wáyà kan ló wà fún un, orí rẹ̀ ní òrùka dúdú mẹ́ta. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí ìlànà kan tó dè wọ́n: ti ilé iṣẹ́ kan lè fi àwòrán sí ibi tí òmíràn fi ohùn sí. Bí ẹ bá so ó tí ẹ gbọ́ ariwo gbígbóná dípò ohùn, tí ojú sì ṣófo, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ ki orí yẹ́lò bọ ibi pupa, kí ẹ dán an wò, lẹ́yìn náà ibi funfun. Bí kò bá sí èyí tó bọ́ sí i, ibi tí wọ́n fi ilẹ̀ (ground) wáyà náà sí ló yàtọ̀, ẹ wá irú èyí tí ìwé ìlò tẹlifíṣọ̀n náà dárúkọ.

Atúnẹ̀rọṣe

Bí ẹ̀rọ aláwọ̀ mẹ́ta bá ju ọ̀kan lọ, fídíò, DVD àtijọ́, gèèmù àtijọ́, ẹ má ra kọ̀nfátà mẹ́ta. Súwíìṣì AV alábọ́tìnnì wà, kò jẹ iná. Ẹ so gbogbo wọn mọ́ ọn, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ kọ̀nfátà kan, kí kọ̀nfátà sì gba ihò kan nínú súwíìṣì HDMI. Ẹ tún ṣàkíyèsí àwọn DVD tó ní ihò márùn-ún lẹ́yìn: gíríìnì, búlúù, pupa, funfun, pupa. Pupa méjì wà níbẹ̀. Èyí tó sún mọ́ búlúù jẹ́ ti àwòrán, èyí tó sún mọ́ funfun jẹ́ ti ohùn. Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, àwòrán á tutù, àwọ̀ pupa á sì sọnù.

Àfẹ́wò

Ó ti ń yé mi. Soundbar ńkọ́? Ṣé tí gbogbo ẹ̀rọ bá gba inú súwíìṣì, ohùn wọn á ṣì dé ọ̀dọ̀ soundbar?

Ẹlẹ́kitíríkì Àgbà

Á dé, níwọ̀n ìgbà tí soundbar bá wà lára ihò ARC ní tààrà. Àwòrán àti ohùn á wọ tẹlifíṣọ̀n láti súwíìṣì, tẹlifíṣọ̀n á wá fi ẹsẹ̀ kẹrìnlá dá ohùn padà sí soundbar. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí o ti soundbar bọ inú súwíìṣì. Ọ̀nà àdápadà yẹn kò sí nínú ọ̀pọ̀ súwíìṣì.

Yẹ ẹ̀yìn soundbar wò pẹ̀lú. Bí ó bá ní HDMI IN tirẹ̀, o ti ní ihò kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Dẹkódà ni kí o fi síbẹ̀, kì í ṣe gèèmù, àfi bí ìwé rẹ̀ bá sọ pé ó ń jẹ́ kí 4K ní 60Hz àti HDCP 2.2 kọjá.

Ó ku CEC, ìyẹn ẹsẹ̀ kẹtàlá, tí rìmóòtù kan fi ń pa gbogbo ẹ̀rọ. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ní SimpLink, Sony ní Bravia Sync. CEC kò mọ súwíìṣì rẹ. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n lè jí stick, ṣùgbọ́n kò lè yí súwíìṣì sórí stick. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ń tan ara rẹ̀ lóru, tàbí tó ń fò láti ihò kan sí òmíràn, pa CEC nínú Settings dẹkódà, stick àti gèèmù, kí o fi í sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n àti soundbar nìkan. ARC ọ̀pọ̀ soundbar kò ṣiṣẹ́ láìsí i.

Gígábíìtì

Ẹ jẹ́ kí n kó àwọn àìsàn rẹ̀ jọ, torí ibẹ̀ ni ẹ ó padà sí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Tó bá kọ No Signal, ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò nínú súwíìṣì, ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n tààrà pẹ̀lú wáyà kan náà. Bó bá hàn, ẹ̀rọ àti wáyà kò ṣẹ̀. Ẹ dá a padà sínú súwíìṣì ní ihò mìíràn. Bó bá hàn níbẹ̀, ihò àkọ́kọ́ ti kú. Bí kò bá hàn níbikíbi nínú súwíìṣì, iná rẹ̀ tàbí wáyà OUT rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ má pààrọ̀ nǹkan méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bí àwọn tóótòòtó funfun bá ń tàn yẹ̀ríyẹ̀rí lójú àwòrán, tàbí tí ojú ń dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá kan tó sì ń padà, wáyà kò lè gbé ìwọ̀n dátà náà ni. Ẹ já ẹ̀rọ náà sí 1080p. Bó bá dúró ṣinṣin, ẹ ti mọ ibi tó ti ń dùn ún. Ẹ wá wáyà tó kọ Premium High Speed fún 18Gbps, Ultra High Speed fún 48Gbps. Àmì tí fóònù lè kà wà lára páálí ojúlówó. Mítà 1 sí 2 láti ẹ̀rọ dé súwíìṣì, mítà 3 láti súwíìṣì dé tẹlifíṣọ̀n, ara á tù yín. Bó bá ju mítà 5 lọ ní 4K 60Hz, wáyà bàbà lásán á máa ṣe bó ṣe wù ú. Wáyà optical ni kí ẹ lò. Ìyẹn ní orí àti ìdí: ìpẹ̀kun tí wọ́n kọ Source sí lọ sí súwíìṣì, tí wọ́n kọ Display tàbí TV sí lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá yí i, kò ní bàjẹ́, àmọ́ ẹ kò ní rí nǹkan kan.

Bí àwòrán bá wà láìsí ohùn, ẹ lọ sí Audio Output lórí ẹ̀rọ náà, ẹ yí i láti Dolby tàbí Bitstream sí PCM. Tí ohùn bá dé, irú ohùn tí ẹ̀rọ náà ń gbé jáde tẹ́lẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n tàbí soundbar kò lè tú.

Bí ẹ̀rọ 4K bá wà tí kò gbà ju 1080p lọ nínú súwíìṣì, tó sì gba 4K ní tààrà, EDID ni. Tẹlifíṣọ̀n ní ìwé kékeré kan nínú tó fi ń sọ fún ẹ̀rọ ohun tó lè gbà. Ẹsẹ̀ 15 àti 16 ni wọ́n fi ń kà á. Àwọn súwíìṣì kan ń fi ìwé tiwọn rọ́pò rẹ̀, tiwọn sì lè jẹ́ ti 1080p. Ẹ pa gbogbo wọn, ẹ yọ iná fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n ṣáájú, súwíìṣì tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ kẹ́yìn. Bí ó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, súwíìṣì náà ló kù díẹ̀ káàtó, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Aláwọ̀ Mẹ́ta

Ní ti kọ̀ǹpútà: bó bá ní HDMI, ó ti parí. Bó bá jẹ́ USB-C nìkan, ẹ wá àmì DisplayPort tàbí Thunderbolt lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, torí kì í ṣe gbogbo USB-C ló ń gbé àwòrán jáde. Ọ̀pọ̀ wà tó jẹ́ fún ṣájà àti dátà nìkan, ádápítà kankan kò sì lè mú un sọ̀rọ̀. Fóònù náà rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ní VGA nílò kọ̀nfátà VGA sí HDMI tó ní wáyà ohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí VGA kì í gbé ohùn. Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú P, kí ẹ yan Duplicate. Bí ẹ bá fi í sí Extend, nígbà tí ẹ bá yí súwíìṣì kúrò lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé ẹ ti yọ ojú kejì, á sì kó gbogbo ohun tí ẹ ṣí síbẹ̀ padà.

Àfẹ́wò

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan ló kù. Súwíìṣì oníhò mẹ́ta kan wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé mo lè so méjì pọ̀, kí ọ̀kan wọ inú èkejì, dípò kí n ra oníhò márùn-ún?

Gígábíìtì

Ó ṣeé ṣe: OUT ti àkọ́kọ́ wọ IN kan nínú èkejì, oníhò mẹ́ta méjì á sì fún yín ní ihò márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá wà nínú èyí tó jìnnà gbọ́dọ̀ la súwíìṣì méjì àti wáyà mẹ́ta kọjá. Kí èyí tó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 18Gbps pẹ̀lú HDCP 2.2, kí gèèmù àti stick wọ inú rẹ̀ ní tààrà. Dẹkódà, kọ̀ǹpútà àti fídíò ni kí ẹ kó sínú ti àtijọ́, 1080p kò ni wọ́n lára. Ẹ fún àwọn méjèèjì ní iná ògiri tiwọn, kí ẹ sì pa auto àwọn méjèèjì.

Atúnẹ̀rọṣe

Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà, rìmóòtù kan á máa yí wọn pọ̀, torí kóòdù wọn dọ́gba. Ẹ fi téèpù dúdú bo ojú tó ń gba iná rìmóòtù lára èyí tó jìnnà, kí ẹ máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí rìmóòtù tuntun kò bá ṣiṣẹ́ rárá, ẹ yẹ ìdí bátìrì wò, ọ̀rá tín-ín-rín kan máa ń wà níbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ fà yọ. Ẹ tún lè tan kámẹ́rà fóònù, kí ẹ kọ orí rìmóòtù sí i, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì: bí ẹ bá rí iná elése-àlùkò kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú fóònù, rìmóòtù ń ṣiṣẹ́, ojú súwíìṣì ni nǹkan bò.